Ìlú Àbọ̀ Ọ̀rọ̀: Ìgbé Ayé Ojoojúmọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Àjèjì ní Japan

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ fún àwọn ọ̀dọ́ àti òbí ní Ìbàdàn

Alága ìjókòó, ẹ̀yin òbí wa tí ẹ fi ọjà àti iṣẹ́ sílẹ̀ wá síbí, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru. Kí n tó la ẹnu, mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà tí wọ́n wà níwájú, mo sì tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀ lójú wọn.

Nígbà tí àwọn tí wọ́n pe àpéjọ yìí kàn sí mi, wọ́n ní kí n wá sọ bí ènìyàn ṣe ń rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí Japan. Mo ní n óò fẹnu bà á, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Àlàyé ìyẹn wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba Japan ní Abuja, ẹni tí ó bá mọ̀wé lè kà á fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún wa ni pé, nígbà tí a bá ti dé ọ̀hún tán, kí ni a ó máa ṣe láti òwúrọ̀ Mọ́ńdé títí di alẹ́ Sọ́ńdé? Ta ni a ó bá sọ̀rọ̀? Kí ni a ó jẹ? Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé a ti ṣẹ aládùúgbò?

Àwọn baba wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a má purọ́ fúnra wa, odindi ọ̀rọ̀ ni àwa ń sọ fún ara wa nílé, a sì ń fi ariwo kún un. Àwọn ará Japan ni mo rí tí wọ́n ń fi òwe yẹn ṣe ayé. Ìwé wọn a máa sọ odindi ọ̀rọ̀, àní a máa sọ ọ́ kọjá odindi. Ẹnu wọn a máa sọ àbọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ èyí, bí ó ti wù kí orí rẹ̀ pé tó, yóò jìyà níbẹ̀, kò sì ní mọ ohun tí ó fa ìyà náà.

Ohun tí ìwé ń sọ

Mo fẹ́ fi ìwé bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó ń pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ti balẹ̀ ní Narita tàbí Haneda, òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè yóò fi káàdì ìgbélùú lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Àwòrán rẹ̀, irú àṣẹ tí ó fi wọ̀lú àti ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò parí ni ó wà lára rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jáde láìmú un dání, nítorí ọlọ́pàá lè béèrè rẹ̀ níbikíbi. Bí ó bá ti rí ibùgbé, ọjọ́ 14 ni òfin fún un láti lọ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Níbẹ̀ náà ni wọn yóò ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ètò adójútòfò ìlera, tí ó fi jẹ́ pé bí àìsàn bá dé, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ìwòsàn ni yóò ti àpò rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá ti pé ọmọ 20 ọdún yóò wọ ètò owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú, ìbáà ṣe onílé, ìbáà ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n a gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti kọ̀wé pé agbára òun kò tíì ká a. Ẹni tí kò bá kọ ìwé yẹn ńkọ́? Ìwé owó ni yóò máa wá a kiri títí dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń kùn pé ìwé Japan ti pọ̀ jù. Èmi kì í bá wọn kùn. Ní ọ́fíìsì wọn, wàá gba nọ́ńbà, wàá jókòó, wọn yóò pe nọ́ńbà rẹ, òṣìṣẹ́ yóò fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ibi tí o máa kọ orúkọ sí, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí o fi nǹkan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Irú wàhálà bẹ́ẹ̀ wù mí.

Akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì tí ó wà ní Japan ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 jẹ́ 336,708, ìjọba wọn sì fẹ́ kí iye náà di 400,000 kí ó tó di ọdún 2033. Ará Éṣíà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ṣáínà àti Nepal ni ó sì ṣíwájú. Àwa ọmọ Áfíríkà kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ẹ mọ èyí sọ́kàn, nítorí yóò ṣẹlẹ̀ pé ọkọ̀ ojú irin kún, àwọn ènìyàn dúró, síbẹ̀ àga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ṣófo. Ẹnikẹ́ni kò bú yín, ẹnikẹ́ni kò sì lé yín. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ìyẹn náà.

Ilé, onílé àti pàǹtírí

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé, owó rẹ̀ kò sì ga, ṣùgbọ́n kì í ṣe títí ayé. Bí àsìkò bá tó, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ wá ilé láàárín ìlú. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ájẹ́ǹtì tí ń báni wá ilé. Wọn yóò kí ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn yóò gbé tíì fún ọ, wọn yóò tẹ́ àwòrán ilé síwájú rẹ. O tọ́ka sí ọ̀kan. Ájẹ́ǹtì gbé fóònù, ó pe onílé, ó sọ fún un pé àjèjì ni ẹni tí ó fẹ́ gba ilé. Ó dákẹ́, ó ń gbọ́, ó ń tẹrí ba fún fóònù. Lẹ́yìn náà yóò gbé e kalẹ̀, yóò fa afẹ́fẹ́ sẹ́nu láàárín eyín, yóò fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò ní: “Ìyẹn lè nira díẹ̀.”

Yorùbá tí ó bá gbọ́ pé nǹkan nira díẹ̀, kí ni yóò ṣe? Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀! “Ẹ bá mi rọ̀ wọ́n, sà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí.” Asán ni. Ilẹ̀kùn ti tì. Nínú ìwádìí tí ẹ̀ka ìjọba Japan tí ń rí sí ètò ìdájọ́ gbé jáde ní ọdún 2017, nǹkan bí ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àjèjì tí wọ́n wá ilé ni wọ́n sọ pé a ti kọ̀ láti fún àwọn nílé nítorí pé àwọn kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ilé yóò ní láti ní onídùúró, tàbí kí ó sanwó fún iléeṣẹ́ tí yóò dúró fún un. Yóò san owó ìdógò. Ní ibi púpọ̀, yóò tún san owó ọpẹ́ fún onílé, èyí tí kì í padà wá mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti san àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n ní Bódìjà, ọ̀rọ̀ yìí kò ní yà yín lẹ́nu. Ohun tí yóò yà yín lẹ́nu ni pé yàrá náà lè wà láìsí gílóòbù lókè, láìsí kọ́tìnì, láìsí sítóòfù. Ọgbọ́n tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dá ni pé ní oṣù kẹta, nígbà tí àwọn tí wọ́n jáde ń kó ẹrù, wọn a lọ gba fíríìjì àti tábìlì wọn ní ọ̀fẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ilé bá ti wà tán, pàǹtírí ni ó kù. Mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró ná.

Ìlú Tsukuba ni mo gbé, níhà àríwá ìlà-oòrùn Tokyo, ìlú tí ó kún fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí ènìyàn kò sì lè gbé láìní kẹ̀kẹ́. Ní Japan, pàǹtírí tí a lè dáná sun lọ́tọ̀, ike lọ́tọ̀, ìgò lọ́tọ̀, agolo lọ́tọ̀, bébà lọ́tọ̀, ọjọ́ oníkálukú lọ́tọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni a sì ń gbé e jáde kí ọkọ̀ tó dé, a ó fi àwọ̀n bò ó kí ẹyẹ ìwò má bàa tú u. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ọmọ Ghana kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan, ó gbé e síta lálẹ́. Nígbà tí ó dé láti ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, àwọn oníṣẹ́ ti kó ti gbogbo ènìyàn lọ, tirẹ̀ nìkan ni ó dá jókòó, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lára. Ó rò pé afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e lọ. Ní òwúrọ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó ṣílẹ̀kùn, ó bá àpò náà lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀, ẹnì kan ti so ó dáadáa. Ìyá àgbà tí ó wà ní yàrá kejì kí i bí ó ti ń kí i tẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi dúró, ó ń retí ẹni tí yóò bá òun jà. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ní ìrọ̀lẹ́, ó rí ìwé kan tí wọ́n tì gba abẹ́ ilẹ̀kùn: kàlẹ́ńdà pàǹtírí ti àdúgbò náà, pẹ̀lú àwòrán ìgò, ìdérí rẹ̀ lọ́tọ̀, bébà ara rẹ̀ lọ́tọ̀, tí ẹnì kan sì ti fi bíírò pupa yí àwọn ọjọ́ tí ó kàn po lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí orúkọ níbẹ̀, kò sí èébú níbẹ̀. Títí tí ó fi kúrò nílé náà, kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́.

Ní àdúgbò tiwa, ìyá kan yóò ti dúró lórí fáráńdà pe orúkọ rẹ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, gbogbo ilé yóò ti gbọ́, ìjà yóò sì ti parí kí ó tó di aago méje. Èwo ni ó sàn nínú méjèèjì? Tiwa ń yára tán, tiwọn kì í dójú tini. Èmi kò lè dá a lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àlejò lójú, kò fi ríran.

Yàrá ìwádìí

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ tẹ́tí sí èyí. Ní Japan, ọmọ yàrá ìwádìí ni yín kí ẹ tó jẹ́ ọmọ yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni ó ni yàrá náà, òun ni ó gbà yín, òun ni yóò buwọ́ lu gbogbo ìwé yín, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò sì kọ́kọ́ bi yín bí ẹ bá sọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ wà. Wọn yóò fún yín ní tábìlì. Àwọn tí wọ́n dé ṣáájú yín ni ẹ̀gbọ́n, ìbáà jẹ́ pé ẹ fi ọdún bíi mélòó kan jù wọ́n lọ. Àwọn ni wọn yóò kọ́ yín bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ, àwọn náà ni ẹ ó máa bá tún ilẹ̀ ṣe.

Yorùbá kò níṣòro níbi ọ̀wọ̀. A mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í pe àgbà lórúkọ, a mọ̀ pé kíkí ni ìwà, àwọn náà sì ní ìkíni tí wọ́n ń kí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Ibi tí ó ti ń tàn wá jẹ nìyẹn. A rò pé bí ọ̀wọ̀ ti rí kan náà, ìbáwí náà yóò rí kan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tiwa, bí iṣẹ́ rẹ kò bá dára, yóò sọ ọ́ lójú gbogbo kíláàsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọn yóò wo àbájáde rẹ títí, yóò ní, “Ó dùn ún wò. Bóyá o lè tún ojú wo apá kejì.” Ọmọ wa yóò fayọ̀ lọ sílé pé ọ̀gá yin òun. Odindi ọ̀rọ̀ náà ni pé kí ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ ẹni tí ó gbọ́ irú gbólóhùn yìí ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léra, tí ó ń gbé iṣẹ́ kan náà padà wá, títí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan nínú yàrá náà fi fà á sẹ́yìn lọ ra kọfí fún un. Ẹni tí yóò ṣe ògbufọ̀ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún yín ni ẹ̀gbọ́n yẹn. Ẹ wá a láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ti èdè ńkọ́? Òótọ́ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ oyè másítà àti ti ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n dókítà eyín kò kàwé yín, onílé kò sì ka àbọ̀ ìwádìí yín. Ìpele márùn-ún ni ìdánwò èdè wọn, láti N5 tí ó rọrùn jù dé N1. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ kọ́ oríṣi lẹ́tà kéékèèké méjì tí wọ́n fi ń kọ̀wé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 46. Ti lẹ́tà ńlá tí wọ́n mú wá láti ṣáínà, tí ìjọba ka 2,136 nínú rẹ̀ sí ti ojoojúmọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá dé ọ̀hún.

Owó àti iṣẹ́

Ẹ̀yin òbí, tiyín dé o. Láti ọdún 1954 ni ìjọba Japan ti ń fún àwọn àjèjì ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí a mọ̀ sí MEXT. Ẹni tí ó bá ń fi í kẹ́kọ̀ọ́ oyè másítà ń gba 144,000 yen lóṣù, kì í san owó ilé ẹ̀kọ́, ìjọba ni ó sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ètò ABE Initiative tí wọ́n kéde ní Yokohama ní ọdún 2013 wà fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà, ó sì fi iṣẹ́ kíkọ́ nílé iṣẹ́ kún oyè másítà. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì yóò gbé ayé níwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Ẹni tí mo ń bẹ̀rù fún ni èyí tí ájẹ́ǹtì ń mú lọ, tí wọ́n ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé, “Ẹ sáà gbé e débẹ̀, yóò máa ṣiṣẹ́ san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.” Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wọn, owó ọdún kan jẹ́ 535,800 yen, owó ìwọlé sì jẹ́ 282,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ 817,800, a kò tíì jẹun. Òfin ní akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó ṣiṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 28 lọ lọ́sẹ̀, àfi ní ìgbà ìsinmi gígùn tí ó lè ṣe wákàtí 8 lójúmọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, owó ọ̀yà tí ó kéré jù, bí a bá wo ìpíndọ́gba rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, jẹ́ 1,055 yen ní wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ 29,540 lọ́sẹ̀ nígbà náà. Nínú 118,160 yen fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, owó ilé yóò jáde, iná àti gáàsì yóò jáde, oúnjẹ yóò jáde, adójútòfò yóò jáde. Kí ni ó kù fún ilé ẹ̀kọ́? Àwọn kan a wá máa ṣe iṣẹ́ òru kọjá wákàtí tí òfin fún wọn, ní ibi tí wọ́n ti ń di oúnjẹ tàbí tí wọ́n ti ń to ẹrù. Ẹnikẹ́ni kò ní bá wọn wí. Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ tún àṣẹ ìgbélùú ṣe ni ìwé owó orí yóò sọ̀rọ̀, àṣẹ náà lè má sì jáde mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ájẹ́ǹtì gbọ́ ju ìṣírò lọ.

Ohun tí a ń jẹ

N kò ní pẹ́ níbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo mọ̀ jù. Ìrẹsì wọn a máa lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ní iṣu kan tí wọ́n ń rin ní tútù, tí wọ́n ń dà sórí ìrẹsì, tí ó ń yọ̀ ní ọ̀nà ọ̀fun. Kò ṣeé gún, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú. Wọ́n ní ilá, nínú àwọ̀n kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ ìròyìn ayọ̀: bí ìgbà ooru wọn bá dé, ẹ wọ súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ibi tí wọ́n to ẹ̀fọ́ sí, ẹ ó rí èyí tí wọ́n kọ moroheiya sí lára. Ewédú ni! Ewédú yìí gan-an, tí a mọ̀ nílé. Àwọn kàn ń bọ̀ ọ́, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a da ọbẹ̀ sóyà lé e lórí. Gàrí àti epo pupa wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà ní Shin-Okubo, ní Tokyo. Bí alẹ́ bá sì ti ń lẹ́, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì a máa lẹ bébà ìdajì owó mọ́ oúnjẹ tí kò ní di ọ̀la. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti pàdé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìlú.

Ọjọ́ tí Japan ń pariwo

Mo ti sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ìgbà kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ mì, gbogbo fóònù inú yàrá yóò ké lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà mìíràn kí ẹsẹ̀ tó mọ ìmìtìtì náà lára. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ìmìtìtì ilẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 9.0 gbé omi òkun wọ ìlú, ó lé ní 15,000 ènìyàn tí ó kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀ padà. Nígbà tí ilẹ̀ Noto mì ní ọjọ́ kìíní ọdún 2024, obìnrin agbóhùnsáfẹ́fẹ́ kan ní NHK, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lọgun lórí amóhùnmáwòrán pé kí àwọn ènìyàn sá lọ sórí òkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n má wẹ̀yìn. Nítorí náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ ìrántí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923, tí wọ́n bá pè yín wá fi dánra wò, ẹ má jókòó sílé pé ẹ ń kàwé. Ẹ tọ́jú omi, tọ́ọ̀ṣì àti bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Ẹ̀yin òbí, ó ku ẹyọ kan fún yín. Wákàtí 8 ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Bí ẹ bá palẹ̀ ọjà mọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ẹ wá pe ọmọ yín, aago márùn-ún ìdájí ni ẹ jí i yẹn, yóò sì dìde lọ sí yàrá ìwádìí láìsùn. Ẹ pè é ní aago kan ọ̀sán tiwa, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó dárúkọ owó. Ó lè jẹ́ pé ohùn yín nìkan ni odindi ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ lọ́sẹ̀ náà.

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Alága, mo ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè kí ó nawọ́.